Agbẹ̀kán: Híhun Òrùka Òwú sí Ẹnu Ìkòkò Tíì

Ẹni tó bá ti da tíì fún àlejò lórí aṣọ tábìlì funfun rí ti mọ ohun tí orí ìwé yìí wà fún. Ife ti kún, ẹ ti gbé ìkòkò nàró padà, ẹ rò pé ó parí. Ẹ̀kán tó ṣẹ́ kù sí ètè ìkòkò yí wọ abẹ́ ẹnu rẹ̀, ó rìn títí dé ikùn ìkòkò, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sórí aṣọ. Kí ẹ tó da ife kẹrin, àbàwọ́n rúsúrúsú ti yí ìdí ìkòkò ká, àbàwọ́n tíì kì í sì í ṣe èyí tí ọṣẹ lásán ń ṣí.

Agbẹ̀kán ni òrùka òwú kékeré tí a fi bọ ẹnu ìkòkò náà, ní ìwọ̀n ìbú ìka kan sísàlẹ̀ ètè, kí ó lè mu ẹ̀kán kó tó dé ikùn. Àwọn ará Jámánì ti ń lo irú rẹ̀ tipẹ́ lára ìkòkò kọfí wọn. Tiwọn jẹ́ kànrìnkàn kékeré tí okùn rọ́bà fà mọ́ ọmọrí, labalábá tàbí òdòdó sì sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Èyí tí a fẹ́ hun níhìn-ín kò nílò kànrìnkàn. Ìrọ̀lẹ́ kan tó fún ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ ìhunṣọ dì mú, òwú rẹ̀ kò sì ju èyí tó máa ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn fìlà ọmọ tuntun.

Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn kí a tó bẹ̀rẹ̀: iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mu omi. Púpọ̀ nínú àwọn tí ẹ máa rí rẹwà lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀kán a máa yọ̀ kọjá lórí wọn bíi pé wọn kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a hun èyí tó ń ṣiṣẹ́ ná. Ọ̀ṣọ́ á dé tó bá yá.

Ìdí tí ìkòkò fi ń kán

Ẹ dúró ti mai ṣáyì kan, ìyẹn ẹni tó ń ta tíì, lẹ́bàá ọ̀nà ní Wuse tàbí Nyanya ní Abuja láàárọ̀ ọyẹ́, kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé ife kan sókè fíofío, ó mú èkejì sísàlẹ̀, ṣáyì ń já gbọọrọ láti òkè bọ́ sínú ti ìsàlẹ̀, ìta ife méjèèjì sì gbẹ. Ìyára ọwọ́ rẹ̀ ni àṣírí ibẹ̀. Omi tó bá fi agbára jáde máa ń já kúrò lára ètè. Èyí tó bá ń rọra jáde ló máa ń lẹ̀ mọ́ ọn tí yóò sì yí sábẹ́. Àwa tí a jókòó sí pálọ̀, tí a ń da tíì jẹ́jẹ́ kí ó má baà ta sí àlejò lára, àwa gan-an ni ìkòkò ń kán fún.

Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ti gba àkókò lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Markus Reiner ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1956, orúkọ tó sì fún un kò ju ipa ìkòkò tíì lọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Joseph Keller ṣàlàyé pé atẹ́gùn ló ń ti omi mọ́ ara ìkòkò, nítorí pé níbi ètè, ìtì inú omi tó ń ṣàn kéré sí ìtì atẹ́gùn tó wà lóde. Wọ́n fún òun àti Jean-Marc Vanden-Broeck ní Ig Nobel ti ọdún 1999, ẹ̀bùn tí a máa ń kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín kí a tó ronú lé e. Ẹni tó bá wọn pín ẹ̀bùn físíìsì lọ́dún náà, Len Fisher, ìwádìí tirẹ̀ dá lórí bó ṣe yẹ kí ènìyàn ti bisikíìtì bọ inú tíì. Ó dàbí ẹni pé tíì nìkan ni wọ́n ń mu lọ́dún náà. Ní 2021 ni àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Vienna wá fi hàn pé ẹ̀kán kan máa ń jókòó sábẹ́ ètè gan-an, òun ni kì í jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ. Bí ìṣàn bá ti lọ́ra ju ìwọ̀n kan lọ, ẹ̀kán yìí á fa gbogbo tíì yí sẹ́yìn.

Ohun tí ẹni tó ń gbàlejò nílé lè mú nínú gbogbo èyí kò pọ̀. Ètè tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì mú kì í fi bẹ́ẹ̀ kán, èyí tó nípọn tó sì yípo máa ń kán. Ìkòkò tó kún dẹ́nu máa ń kán ju ti ìdajì lọ, torí ẹ̀rù ìtasílẹ̀ kì í jẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Àwọn kan a máa fi bọ́tà díẹ̀ pa abẹ́ ètè. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bọ́tà nínú tíì àlejò?

Ìkòkò tí ẹ ní lọ́wọ́

Ní agbègbè Abuja yìí, ìkòkò tíì kì í ṣe ohun òkèèrè nìkan. Abuja àtijọ́, èyí tí a ń pè ní Suleja lónìí láti ìgbà tí ìjọba ti gba orúkọ rẹ̀ fún olú-ìlú tuntun, ni Michael Cardew dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀kòkò sílẹ̀ sí. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, ìjọba amúnisìn gbà á síṣẹ́ ní 1951, ọdún kejì sì ni ilé ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ìkòkò tíì wà lára ohun tí wọ́n ń mọ níbẹ̀, tí wọ́n ń fi iná líle sun, tí wọ́n sì ń fi dídán bò. Ní 1954 ni Ladi Kwali, ọmọ Gwari láti ìlú Kwali, dé ibẹ̀, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ láàárín wọn. Ìkòkò omi rẹ̀, èyí tó máa ń ya alángbá, àkekèé àti ẹja sí lára, gbé orúkọ rẹ̀ dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ yọ ogún náírà kan wò: òun ló wà lẹ́yìn rẹ̀ láti 2007, níbi tó ti ń mọ ìkòkò.

Mo dárúkọ wọn nítorí ìwọ̀n. Ìkòkò tí a fi ọwọ́ mọ kì í jọra. Ẹnu ọ̀kan gùn, ti èkejì kúrú, dídán tó dà lé ètè ẹ̀kẹta sì nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, irú èyí ló sì máa ń kán jù. Nítorí náà, ẹ má retí pé kí n fún yín ní iye ìlà kan tí yóò bá gbogbo ìkòkò mu. Ìkòkò yín ni ẹ máa wọ̀n. Kẹ́tùlù tánganran tí ẹnu rẹ̀ gùn náà lè wọ agbẹ̀kán, bí ó bá jẹ́ pé orí tábìlì nìkan ni ẹ ń gbé e sí. Ti iná mànàmáná tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bẹẹrẹ kò lè wọ̀ ọ́, fúláàsì náà kò sì nílò rẹ̀.

Òwú

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀. Bí ẹ bá dé ọjà Wuse tàbí ti Garki, tí ẹ béèrè wúùlù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bọ́tìnnì àti síìpù, èyí tó máa kọ́kọ́ dé ọwọ́ yín ni acrylic. Ó pọ̀ ní àwọ̀, owó rẹ̀ kò wọ́n, òun náà ló sì dára fún fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n èròjà epo rọ̀bì ni wọ́n fi ṣe é, kì í mu omi. Òwú gidi, èyí tó hù nínú oko, ni ẹ ń wá. Bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì gòkè láìsí ẹni tó ń tì í, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa fa tíì sínú ara rẹ̀.

Bí kò bá sí àkọlé lára rẹ̀, ẹ gé ìwọ̀n ìka kan, ẹ fi nǹkan irin dì í mú, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú gidi á jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á rọ̀, á sì fẹ́ lọ. Acrylic á yọ́, á sì dì sí kókó dúdú tó le. Àwọn tó ń tà á lè má fẹ́ràn kí ẹ ṣáná sínú ìsọ̀ wọn. Ẹ ra díẹ̀, kí ẹ lọ dán an wò nílé.

Òwú tuntun pàápàá kì í mu omi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí ọ̀rá àdánidá tó wà lára rẹ̀. Kí ẹ tó hun ohunkóhun, ẹ ká a yípo ọwọ́ àti ìgúnpá, ẹ dì í ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìfún un, kí ẹ sè é nínú omi ọlọ́ṣẹ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ sá a. Sísè yìí á bọ́ ọ̀rá náà kúrò, òwú tó máa súnkì á ti súnkì, aró tó máa ṣí á sì ti ṣí kó tó dé ibi aṣọ tábìlì. Bí ó bá gbẹ tán, ẹ kán omi sí i. Bí omi bá dúró gelete lórí rẹ̀, ẹ tún un sè.

Àwọ̀ wá dọwọ́ yín. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn funfun. Àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ kọfí, tàbí ewé tó ṣókùnkùn ló máa ń pa àbàwọ́n mọ́. Ilé tí sóbò gbígbóná bá ti ń wọlé lásìkò ọyẹ́, pupa ṣókùnkùn ni kí wọ́n mú lọ láìjanpata.

Abẹ́rẹ́ mìlímítà mẹ́ta ló bá òwú tí kò tẹ́ẹ́rẹ́ jù mu. Bí kò bá sí, igi sùúyà tuntun méjì tó. Ẹ fi sánpépà dán wọn títí òwú kò fi ní máa kọ́ mọ́ wọn lára, kí ẹ gbẹ́ orí àti ìdí wọn ṣóńṣó. Àwọn tí wọ́n fi igi ìgbálẹ̀ kọ́ ìhunṣọ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á mọ̀ pé ìdàgbàsókè gidi ni igi sùúyà.

Wíwọ̀n àti híhun

Ẹ mú fọ́nrán òwú kan, ẹ fi yí ẹnu ìkòkò ká ní ìwọ̀n ìbú ìka kan sísàlẹ̀ ètè, kí ẹ gbé e lé orí rúlà. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á hun sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ, wọ́n á rán an pọ̀, òrùka náà á sì kọ̀ láti wọlé. Ìdí rẹ̀ ni pé a máa ká aṣọ náà kí ó tó di òrùka. Bí ohun tó nípọn bá sì tẹ̀ yípo, ihò inú rẹ̀ máa ń kéré ju gígùn rẹ̀ lọ púpọ̀. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta kún ohun tí ẹ wọ̀n: mẹ́jọ di mọ́kànlá. Mo ti ro ti fífún tó yẹ kó fún ẹnu ìkòkò mọ́ ìwọ̀n yẹn, ẹ má tún yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀.

Ẹ dá ojú mẹ́wàá sórí abẹ́rẹ́, kí ẹ sì fi ìrù òwú tó gùn tó apá sílẹ̀, òun ni ẹ máa fi ránṣọ. Ẹ hun lọ, ẹ hun bọ̀. Ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ ni òwú máa wà nígbà gbogbo, ẹ má mú un wá síwájú rárá. Irú ìhun yìí máa ń nípọn, ó máa ń ní ihò tínínrín tí omi ń sá sí, kì í sì í ká ara rẹ̀ létí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìhun dídán pẹrẹsẹ ṣe é lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í mu omi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má fa òwú le jù. Lọ́wọ́ tèmi, ìlà bíi àádọ́ta ló máa ń fún mi ní sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlá. Ọwọ́ yín lè le jù bẹ́ẹ̀ tàbí kó dẹ̀, nítorí náà rúlà ni kí ẹ gbàgbọ́. Ẹ tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ láìnà án nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n.

Bí ó bá gùn tó, ẹ pa ojú rẹ̀, kí ọwọ́ dẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń pa á, kí apá kan má baà fún ju èkejì lọ. Ẹ wá tẹ́ ẹ síwájú yín ní gbọọrọ, kí ẹ máa ká a láti etí kan gígùn lọ sí èkejì, bí a ṣe ń ká ẹní. Yóò nípọn tó ọmọńdinrín. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ olójú ńlá rán etí rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ má fa òwú náà le, nítorí òrùka yìí gbọ́dọ̀ lè nà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí orí àti ìdí rẹ̀ fi ojú kan ojú, kí ẹ rán wọn pọ̀. Ẹ má gbé ọ̀kan gun èkejì, kókó ló máa dà. Ojú ìrán gígùn náà ni kó kọjú sínú, níbi tí ara ìkòkò á ti bò ó.

Ẹ fi bọ ẹnu ìkòkò wò. Ó yẹ kí ó rọra wọlé, kí ó dì mọ́ ibi tí ẹnu ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, kí ètè sì yọ síta pátápátá. Òrùka tó bá bo ètè mọ́lẹ̀ ti di àbùkù, torí tíì á máa gba inú òwú kọjá sínú ife.

Ó ku okùn. Nígbà tí ìkòkò bá tẹ̀ síwájú, òrùka á fẹ́ yọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, ọjọ́ tó bá sì bọ́ sínú ife ọ̀gá ọkọ yín, ẹ̀yin náà á mọ̀. Ẹ ra rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí àwọn aránṣọ ń fi sí ọrùn ọwọ́ aṣọ ọmọdé, ẹ rán orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ òkè òrùka, kí ó di ìkọ́ tí ẹ lè fi kọ́ kókó ọmọrí. Bí ọmọrí kò bá jókòó jinlẹ̀ sínú ìkòkò, ẹ má fi kọ́ ọ, yóò fà á ṣubú. Òkè ọwọ́ ìkòkò ni kí ẹ fi kọ́ nígbà náà, kí ẹ sì jẹ́ kí rọ́bà gùn díẹ̀ sí i.

Alángbá fún orí rẹ̀

Òdòdó ni gbogbo ayé máa ń gbé lé e. Kò burú, ṣùgbọ́n nílùú tí Ladi Kwali ti ya alángbá sí ara ìkòkò, mi ò rí ìdí tí a ó fi máa wá labalábá àwọn ará Jámánì. Alángbá akọ tó ń jánrí lórí ògiri káàkiri Abuja, orí rẹ̀ pupa bí ọsàn, ara rẹ̀ dúdú bí aró; ẹ ti ní àwọ̀ yín nìyẹn. Acrylic tó ṣẹ́ kù nílé lè wúlò níhìn-ín, nítorí alángbá kò ní mu omi kankan.

Ẹ fi òwú aláwọ̀ ọsàn dá ojú mẹ́rin sórí igi sùúyà tó ní ṣóńṣó méjì. Ẹ hun ún. Dípò kí ẹ yí igi padà, ẹ ti ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí òpin rẹ̀ kejì, kí ẹ fa òwú gba ẹ̀yìn wá, kí ẹ sì tún hun. Bí ẹ bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, okùn róbótó ló máa jáde dípò aṣọ pẹrẹsẹ. Ìlà mẹ́fà tó fún orí. Ẹ bọ́ sí òwú aláwọ̀ aró, kí ẹ hun ìlà mẹ́rìnlá fún ara. Ẹ wá hun ojú méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó ku méjì lórí igi, kí ẹ sì fi méjì náà hun ìlà méjìlá fún ìrù. Ẹ gé òwú, ẹ fà á gba inú ojú méjèèjì. Ní ti ẹsẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá fa òwú oníṣẹ́po méjì gba èjìká rẹ̀ kọjá, ẹ ta á ní kókó níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, kí ẹ gé e, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ nídìí rẹ̀. Fọ́nrán dúdú méjì ni ojú.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tínú ń run. Tiwa yìí, ẹ rán inú rẹ̀ mọ́ òkè òrùka dáadáa, kí ìrù rẹ̀ sì yí wá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má jẹ́ kí ó dé abẹ́. Abẹ́ òrùka ni ẹ̀kán ń gbà wá, ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo pátápátá.

Lílò àti fífọ̀

Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó gbé ìkòkò tàbí kẹ́tùlù súnmọ́ gáàsì tàbí èédú. Èyí kò ní àríyànjiyàn nínú: òwú gbígbẹ máa ń gbiná kíá.

Bí ẹ bá ti da ìkòkò kan tán, ẹ fún òrùka náà, kí ẹ tó fi padà. Èyí tó bá ti mu yó á bẹ̀rẹ̀ sí í kán fúnra rẹ̀. Tíì dúdú, ìbáà jẹ́ ti Mambilla tàbí ti òkèèrè, kò ní ìyọnu ju àbàwọ́n lọ. Ṣùgbọ́n nílé Yorùbá, ohunkóhun tó bá ti gbóná nínú ife ni tíì, títí kan Milo àti Bournvita. Èyí tó bá ti ní mílíìkì àti ṣúgà, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ fọ òrùka rẹ̀, nítorí bí ó bá sùn mọ́jú, yóò kan, àwọn èèrà á sì gbọ́.

Omi gbígbóná àti ọṣẹ lásán ló tó. Ẹ má fi omi olóòórùn tí a fi ń mú aṣọ rọ̀ sí i, torí ó máa ń fi ọ̀rá bo òwú padà, gbogbo sísè yẹn á sì já sí asán. Lásìkò ọyẹ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbẹ lójú fèrèsé. Láti oṣù keje sí ìkẹsàn-án, nígbà tí òjò Abuja kì í sinmi, àárín rẹ̀ tí a ká lè wà ní tútù títí yóò fi bu. Ẹ hun méjì, kí ọ̀kan máa gbẹ nígbà tí èkejì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Òwú náà ní ọjọ́ orí tirẹ̀. Bí ó bá ti le gbagidi, tí fífọ̀ kò sì mú òórùn rẹ̀ kúrò mọ́, ẹ tú alángbá kúrò lórí rẹ̀, ẹ ju òrùka nù, kí ẹ hun òmíràn, kí ẹ sì rán alángbá yẹn kan náà padà sí i.